Ẹsẹ̀ Kan, Láti Ihò Òkun Òkú Dé Òṣoògùn

Ìṣẹ́yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, ní àgbàlá àwọn ahunṣọ òfì, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú débi pé àwọn tó jókòó sídìí òfì fa fìlà bo etí. Òwú títa nà láti iwájú ahunṣọ lọ jìnnà, òkúta ńlá sì wà ní ìparí rẹ̀ tó ń fà á le. Mo ní, "Ojúgbooro o!" Wọ́n dá mi lóhùn láìgbójú sókè, ọ̀kọ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀. Bíbélì Yorùbá wà lábẹ́ apá mi. Nínú fóònù mi, mo ti kó àwòrán ìwé àfọwọ́kọ méjì sí, ìwé tí àwọn Júù fi ọwọ́ ara wọn kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀kan jẹ́ èdè Hébérù, èkejì jẹ́ Gíríìkì. Ẹsẹ̀ kan wà nínú méjèèjì tí mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀: Hábákúkù orí kejì, ẹsẹ̀ kẹrin, níbi tí wòlíì náà ti so ìyè olódodo mọ́ ìgbàgbọ́.

Ìṣẹ́yìn yìí ni wọ́n mú ọmọkùnrin kan wọ̀ ní ọdún 1821, tòun ti okùn lọ́rùn. Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì àti ìbátan wọn kan ní Òṣoògùn, lọ́jọ́ tí àwọn ológun jó ìlú náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà kan ní oṣù kejì ọdún 1837. Ó ní odi igi ló yí Òṣoògùn ká, pé àwọn ará ibẹ̀ tó 12,000, pé Ìṣẹ́yìn sì jìnnà síbẹ̀ tó nǹkan bí ogún máìlì. Níhìn-ín ni wọ́n ti pín ẹrú bí wọ́n ṣe ń pín ìkógun. Ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àjàyí ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n dá ẹṣin náà padà, wọ́n ní kò dára tó bí àwọn ṣe rò.

Mo bi àgbà ahunṣọ kan léèrè ibi tí wọ́n ti ń pín wọn. Ó dá ọ̀kọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò fẹ́ fi irú ibẹ̀ han ọmọ rẹ̀?" Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin tí wọ́n fi ra ẹṣin yìí ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó tún kàwé ní Islington ní London, ó kọ́ Látìnì, ó kọ́ Gíríìkì. Ní ọdún 1850, ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde lédè Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí orí kìíní ìwé náà, ẹ wo ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún: ọ̀rọ̀ Hábákúkù ló wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù, Júù ọmọ Tásù, ló mú un wá lédè Gíríìkì. Nítorí náà, kí Yorùbá tó ní ìwé Hábákúkù lódindi, ẹsẹ̀ yìí ti gba ẹnu Gíríìkì wọ èdè wa, ọmọ Òkè-Ògùn ló sì gbé e wọlé.

Láti àgbàlá àwọn ahunṣọ, mo gba ẹ̀yìn ilé kéú kan kọjá. Ìlú tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ni Ìṣẹ́yìn, ohùn àwọn ọmọ kéú kì í sì í wọ́n ládùúgbò. Ọmọdékùnrin kan jókòó sórí ẹní, wàláà rẹ̀ lórí orúnkún, ó ń ti gègé bọ inú tàdáwà. Mo bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá tàdáwà ọjà ni. Ó ní rárá, pé dúdú èéfín ìdí ìkòkò ni wọ́n pò mọ́ oje igi. Mo fi àwòrán Hébérù inú fóònù mi hàn án. Bí àwọn Júù ṣe ṣe tàdáwà tiwọn náà nìyẹn: dúdú èéfín fìtílà pẹ̀lú oje igi, lórí awọ ẹran tí wọ́n ha, tí wọ́n fá, tí wọ́n sì fi ohun mímú fa ìlà sí kó lè tọ́. Olùkọ́ náà wo fóònù títí. Ó ní ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dúró dáadáa, ó sì tún ní láti ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bíi tàwọn.

Ìwé tó ń wò yẹn wà lára ìwé kíká méje tí ó kọ́kọ́ jáde láti ihò àpáta kan lẹ́bàá Òkun Òkú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Qumran. Darandaran ará Ta'amireh ló bá wọn pàdé, ní àsìkò 1946 sí 1947. Láàárín ìgbà náà sí 1956, ihò mọ́kànlá ni wọ́n rí ìwé nínú wọn, àjákù tó kù lára nǹkan bí 900 ìwé. Hébérù ló pọ̀ jù níbẹ̀, Árámáíkì tẹ̀ lé e, Gíríìkì sì kéré níye. Àmọ́ ó wà. Nínú ihò keje, Gíríìkì nìkan ni gbogbo àjákù tí wọ́n rí. Nínú ihò kẹrin, Léfítíkù wà lédè Gíríìkì, lórí awọ àti lórí páàpírọ́ọ̀sì, koríko etídò tí àwọn ará Íjíbítì ń lù pẹlẹbẹ di tákàdá.

Ẹni tó kọ ìwé Hábákúkù ti Qumran kì í ṣe adàwékọ lásán. Yóò kọ ẹsẹ̀ wòlíì kan, yóò wá sọ ohun tó rò pé ó túmọ̀ sí fún ìran tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí wòlíì ń sọ, ó ní àwọn Kítímù ni, àwọn onímọ̀ sì gbà pé àwọn ará Róòmù ló ń bá wí. Nígbà tó dé orí ẹsẹ̀ wa yìí, ó ní ìgbàgbọ́ náà ni ìgbàgbọ́ nínú Olùkọ́ Òdodo, aṣáájú ìjọ wọn. Ohun kan fa ojú mi mọ́ra nínú ìwé yìí. Níbikíbi tí orúkọ Ọlọ́run bá ti wà nínú ẹsẹ̀ tó ń dà kọ, ó fi irú lẹ́tà tó wà lójú ewé yòókù sílẹ̀, ó lọ fi lẹ́tà Hébérù àtijọ́ kọ ọ́, lẹ́tà àwọn baba ńlá, tí kò sí nínú ìkọ̀wé ojoojúmọ́ wọn mọ́. Èèyàn tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ pàápàá yóò rí ibi tí orúkọ náà wà.

Mo gun ọ̀kadà kúrò ní Ìṣẹ́yìn kí oòrùn tó ga jù. Ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an: igi ẹ̀mí àti igi igbá tó dá dúró káàkiri, oko ẹ̀gẹ́, oko kajú, ilẹ̀ tí iná ìgbẹ́ ti jó tí koríko tútù sì ti ń yọ gberefu lára eérú. Àwọn màlúù kọjá níwájú wa, darandaran tó ń dà wọ́n kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Òkúta ńláńlá yọrí láàárín igbó. Ẹni tó bá mọ Àdó-Àwáyé, tó ti gun òkè rẹ̀ dé ibi adágún Ìyákẹ̀ lókè pátápátá, yóò mọ̀ pé àwọn èèyàn gbé orí òkè yẹn rí, nítorí ogun. Òkè-Ògùn mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn kó ẹrù sá gun àpáta.

Ìdí nìyẹn tí ìwé kejì inú fóònù mi, ti Gíríìkì, kò fi ṣàjèjì sí mi lójú ọ̀nà yìí. Inú ihò kan ní àfonífojì Héférì ni wọ́n ti rí i, níhà gúúsù Qumran. Ihò náà wà lójú àpáta tó dà bí ògiri, nǹkan bí 80 mítà nísàlẹ̀ etí òkè, okùn ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń rọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Wọ́n bá egungun nǹkan bí ogójì èèyàn níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, àwọn tó sá wọ ibẹ̀ nígbà tí àwọn Júù dìde ogun sí Róòmù lábẹ́ Bar Kokhba, láàárín 132 sí 135 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Àwọn ọmọ ogun Róòmù pàgọ́ sórí òkè lókè orí wọn. Ebi àti òùngbẹ ló yí wọn ká. Ìwé àwọn wòlíì kékeré méjìlá lédè Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n gbé sá, ìwé tó ti pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nígbà yẹn, torí òpin ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kírísítì ni àwọn onímọ̀ fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ísírẹ́lì kéde pé wọ́n tún rí àjákù tuntun níbẹ̀, láti inú Sekaráyà àti Náhúmù.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa. Èèyàn tó ń sá fún ikú kì í kó ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ogun tí wọ́n ń jà, ogun òmìnira àwọn Júù ni. Síbẹ̀, Gíríìkì ni ìwé mímọ́ tí wọ́n gbé dání.

Báwo ni Gíríìkì ṣe di èdè tí Júù fi ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀? Alexander ará Masidóníà gba ilẹ̀ náà ní 332 ṣáájú ìbí Kírísítì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ pín ilẹ̀ ọba rẹ̀, ìdílé Ptolemy sì gba Íjíbítì. Àwọn Júù pọ̀ ní Alẹkisáńdíríà, ìlú tí Alexander dá sílẹ̀. Ọmọ wọn ń bí ọmọ níbẹ̀, Gíríìkì ni wọ́n fi ń tajà, òun ni wọ́n fi ń ṣe àdéhùn, òun náà ni wọ́n wá fi ń gbàdúrà. Ìtàn kan wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà Aristeas pé Ọba Ptolemy kejì ránṣẹ́ sí olórí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, pé wọ́n kó àgbà 72 wá, mẹ́fà láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, pé ní erékùṣù ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sì túmọ̀ Òfin Mósè ní ọjọ́ 72. Ìtàn alárinrin ni, àwọn onímọ̀ kò sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ní Alẹkisáńdíríà, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kírísítì, Òfin di Gíríìkì, àwọn ìwé yòókù sì tẹ̀ lé e. Philo, Júù onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gbé ìlú náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dọọdún ni àwọn Júù àti àwọn tí kì í ṣe Júù máa ń kọjá lọ sí erékùṣù Pharos láti ṣe àjọ̀dún ìtumọ̀ yìí. Àjọ̀dún fún ìtumọ̀ ìwé! Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí fún un.

Gíríìkì kan náà ló tún di idà. Ní 167 ṣáájú ìbí Kírísítì, Ọba Antiochus kẹrin, ọmọ ìdílé Gíríìkì tó ń jọba láti Síríà, sọ tẹ́ńpìlì di ibi ìbọ̀rìṣà, ìwé Àwọn Mákábì Kìíní sì sọ pé wọ́n ń fa ìwé Òfin ya, wọ́n ń sun ún níná. Nítorí náà, kò sí Júù kan tí kò mọ̀ pé èdè ẹni tó lè jó ìwé wọn ni wọ́n ń lò. Wọ́n lò ó síbẹ̀. Ní Jerúsálẹ́mù gan-an, wọ́n ti hú òkúta kan jáde tí wọ́n fi Gíríìkì kọ sí pé Theodotos ló kọ́ sínágọ́gù náà fún kíka Òfin. Nínú ihò mìíràn ní àfonífojì Héférì kan náà, wọ́n rí àpò awọ obìnrin Júù kan, Babatha: ìwé 35 nípa ilẹ̀, ọgbà ọ̀pẹ déètì, ìgbéyàwó àti ẹjọ́ lórí ọmọ rẹ̀ tó di aláìníbaba. Gíríìkì ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ilé ẹjọ́ àwọn ará Róòmù ló ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ìyàwó ilé ní ìgbèríko nìyẹn, kì í ṣe akọ̀wé ọba.

Mo rántí àwọn bàbá wa tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ajẹ́lẹ̀ nígbà ìjọba òyìnbó, tí wọ́n sì lọ fi Yorùbá gbàdúrà nílé lálẹ́.

Òṣoògùn kò tó bí Àjàyí ṣe fi í sílẹ̀. Ìlú kékeré tó tún ara rẹ̀ dá ni, pẹ̀lú òrùlé páànù àti ògiri amọ̀, ewúrẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí Ìṣẹ́yìn, Ìbàdàn àti Èkó. Mo rìn yípo. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo odi igi tó yí ìlú ká nígbà yẹn, mo sì wo oko tó wà níbi tí odi ìbá wà. Ilẹ̀ pupa ni, òkìtì iṣu ti tò sí i.

Bàbá kan tó máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì gbà mí lálejò, òun àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan. Bàbá gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí Róòmù, wọ́n ka ẹsẹ̀ náà jáde. Wọ́n kà á bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ohùn wọn sì jẹ́ ohùn Òkè-Ògùn pọ́ńbélé. Ó tọ́ kó rọ̀ wọ́n lẹ́nu: Yorùbá Ọ̀yọ́, èdè tí Àjàyí gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ níhìn-ín, ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ kan náà ló tún rí ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ìwé Róòmù fi jáde.

Mo wá fi àwòrán méjèèjì hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti Gíríìkì, orúkọ Ọlọ́run tún wà níbẹ̀ ní lẹ́tà Hébérù àtijọ́, láàárín ìlà Gíríìkì gbalaja. Ọ̀kan jáde ní Qumran, ọ̀kan ní Héférì, èdè wọn yàtọ̀, àmọ́ ọ̀wọ̀ tí àwọn tó kọ ọ́ bù fún orúkọ yẹn kò yàtọ̀. Olùkọ́ náà ní kí n fẹ àwòrán náà tóbi sí i. Ó ka iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ náà, mẹ́rin ni, ó tún un kà.

Bàbá bi mí léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi bọ̀: ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ? Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Hébérù sọ pé ìgbàgbọ́ olódodo náà fúnra rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Gíríìkì àtijọ́, Ọlọ́run ló ń sọ pé ìgbàgbọ́ òun ni, ìyẹn òtítọ́ Rẹ̀ sí àwọn èèyàn Rẹ̀. Ìwé Héférì ti tún Gíríìkì yẹn ṣe kó lè bá Hébérù mu. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kò sọ pé ti ta ni, ó kàn ní ìgbàgbọ́. Dominique Barthélemy, àlùfáà Kátólíìkì tó yẹ ìwé Héférì wò ní ọdún 1953 sí 1963, ló fi hàn pé àwọn Júù kò túmọ̀ tán kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìran dé ìran ni wọ́n ń fi Gíríìkì wé Hébérù, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń tún un kọ.

Bàbá ní, "Bí àwọn náà ṣe ń yí Bíbélì wa padà nìyẹn. Èyí tí mo kọ́ ní kékeré, ó yàtọ̀ sí èyí tó o mú wá." Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Crowther àti Thomas King jọ ṣe é títí, àwọn mìíràn bá wọn ṣe é, ó parí ní 1884, wọ́n sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Mo gbà pé àmì ìlera ìwé ni. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ̀ wò mọ́, òun ló ti kú.

Bàbá wọlé lọ, wọ́n gbé àpótí páànù kan jáde. Bàbá tiwọn ti ṣiṣẹ́ katikíìsì, ìwé ìwàásù tó fi ọwọ́ kọ ló wà níbẹ̀, Yorùbá pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, tàdáwà rẹ̀ ti rẹ̀. Ikán ti jẹ igun kan dé àárín. Mo ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìtòsí Òkun Òkú ló dáàbò bo awọ àwọn Júù fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ní Òkè-Ògùn, òjò oṣù mẹ́fà àti ikán kì í dá tákàdá sí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá tọ́jú pẹ̀lú ọwọ́ ara wa níhìn-ín kò ní dúró de awalẹ̀pìtàn kankan, èyí sì ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rí irú àpótí yìí, ní Ṣakí, ní Òkèehò, ní Ìṣẹ́yìn, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí.

Bàbá béèrè pé níbo ni ìwé tí Àjàyí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà. Mo ní púpọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ wà lára àkójọ ìwé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ní yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ní, "Kí tiwa yìí má lọ o."

A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, olùkọ́ di ojú ewé mú, mo ń yà á. A ya gbogbo ojú ewé tó kọ́kọ́ wà lókè àpótí kí iná fóònù mi tó tán. Olùkọ́ gbà láti fi fóònù tirẹ̀ ya ìyókù lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, Bàbá sì ní òun yóò wà níbẹ̀ láti ka ibi tí tàdáwà ti parẹ́ fún un, torí òun ṣì mọ ọ̀pọ̀ nínú ìwàásù náà sórí.